Ayùn Ẹlẹ́ńjìnnì Àtijọ́ àti Àwọn Tí Ń Jí I Dìde

Orúkọ igi wa ti rin ìrìn àjò ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa lọ. Bí ènìyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò pákó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó bá béèrè fún iroko tàbí opepe, kò sí ẹni tí yóò ní kí ó túmọ̀ ohun tí ó wí. Ìrókò àti ọ̀pẹpẹ náà ni, Yorùbá pọ́ńbélé, tí wọ́n kàn bọ́ àmì orí wọn sílẹ̀ ní etí òkun. Gẹdú pàápàá, tí àwa fi ń pe gbogbo igi ńláńlá tí a ń là sí pákó, wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ nípa igi ní òkè òkun. Igi lọ, ó sì mú orúkọ rẹ̀ dání. Ẹ̀rọ tí ó ń gé igi náà lulẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, a kò fún un ní orúkọ kan tí gbogbo wa fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Àwọn kan ń pè é ní ṣéènsọ́ọ̀, àwọn mìíràn ń pè é ní ẹ́ńjìnnì lásán, bí ẹni pé kò sí ẹ́ńjìnnì mìíràn láyé. Nínú àròkọ yìí, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ni èmi yóò máa pè é.

Kì í ṣe tuntun rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Èyí tí ó ti gbó ni, èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó ti ẹni tí ó ti ń bímọ. Ní Amẹ́ríkà, ní Jámánì àti ní Sweden, àwọn kan wà tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ jọ bí àwọn mìíràn ti ń kó owó ẹyọ àtijọ́ jọ. Wọn a tú u palẹ̀, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a fi ọ̀dà tí ó bá àwọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mu kùn ún, wọn a sì gbé e lọ sí ibi àpèjọ tí wọn yóò ti ta á jí kí ó gé ìtì igi kan tàbí méjì, kí àwọn èrò ìwòran sì gbọ́ ìró rẹ̀. Fàájì ni. Ní Mushin àti ní Ebute Metta, mo ti rí irú ẹ̀rọ kan náà, tí ọjọ́ orí wọn kò yàtọ̀, lọ́wọ́ àwọn tí ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún fàájì. Ẹni tí ó gbé e wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró dè é, nítorí igi tí yóò fi gé lọ́la ni yóò fi san owó ilé-ìwé ọmọ. Èrò tèmi ni pé àwọn méjèèjì ni ó ń pa ìtàn mọ́, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ nìkan ni ayé ń kà sí ìtàn; ti èkejì, a ń wò ó bí ìṣẹ́ lásán.

Kí ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tó dé, àáké ni a fi ń gé igi lulẹ̀, ayùn gígùn tí ènìyàn méjì ń fà ni a sì fi ń là á. Wọn a gbẹ́ kòtò, wọn a yí ìtì igi sórí rẹ̀. Ẹnì kan a dúró lókè, ẹnì kejì a wọ inú kòtò lọ, wọn a sì máa fa ayùn lọ sókè, fà á lọ sílẹ̀, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni òkè ni ọ̀gá, nítorí òun ni ó ń tọ́ ayùn sí ojú ìlà. Ẹni ìsàlẹ̀ ni gbogbo ìyẹ̀fun pákó ń dà sí lójú. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn àgbà méjì kan ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ìlú bàbá mi ní agbègbè Ìjẹ̀bú, ohun tí mo sì rántí jù nípa wọn ni pé wọn kì í sọ̀rọ̀. Èémí wọn ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìrókò ni wọn yóò gé, ètùtù a kọ́kọ́ wáyé, nítorí ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé Olúwéré ń gbé inú rẹ̀. Ó pẹ́ kí ènìyàn tó gé ìrókò kan tán nígbà náà. Pípẹ́ náà sì ṣe ìrókò láǹfààní.

Baba ńlá ayùn ẹlẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ mọ igi rí. Ní nǹkan bí ọdún 1830, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Bernhard Heine, tí ó ń ṣe irin-iṣẹ́ fún àwọn oníṣègùn, ṣe ohun èlò kan tí ó ní ṣéènì eléyín, tí a ń fi ọwọ́ yí, láti fi gé egungun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí irú ṣéènì bẹ́ẹ̀ tó di ti igi. Ní 1926, Andreas Stihl ṣe èyí tí ń lo iná mànàmáná ní Stuttgart. Ní 1927, Emil Lerp gbé èyí tí ń mu epo bẹntiróòlù lọ dán wò lórí òkè Dolmar ní Thuringia, ó sì fi orúkọ òkè náà sọ ẹ̀rọ rẹ̀. Stihl náà ṣe onípẹtiróòlù tirẹ̀ ní 1929. Ẹrù ńlá ni gbogbo wọn. Ènìyàn méjì ni ó ń gbé ọ̀kan. Ọdún 1950 ni ilé-iṣẹ́ Stihl tó ṣe èyí tí ẹnì kan ṣoṣo lè gbé, kílò mẹ́rìndínlógún ni ìwọ̀n rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí ayùn yìí di ìjà fún igbó kì í ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀, eyín ni. Ní 1946, agégi kan ní Oregon ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Joseph Cox, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi kùkùté, ó ń wo ìdin kòkòrò kan tí ó ń jẹ igi náà. Ìdin yìí kò bìkítà bóyá igi dùbúlẹ̀ tàbí ó nàró. Ó ń jẹ lọ sọ́tùn-ún, ó ń jẹ lọ sósì. Cox lọ fara balẹ̀ wo ẹnu rẹ̀, ó sì rọ eyín ṣéènì kan tí ó tẹ̀ kọrọdọ bí ẹnu ìdin náà, ọ̀kan kọjú sọ́tùn-ún, èkejì kọjú sósì. Ní 1947 ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Títí di òní, eyín ìdin yẹn ni ó wà lẹ́nu ayùn ẹlẹ́ńjìnnì káàkiri ayé. Àwọn àgbà wa ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. Wọn kò mọ̀ pé ènìyàn lè lọ yá ẹnu kòkòrò lò.

Ní 1959, nígbà tí ó ku ọdún kan kí Nàìjíríà gba òmìnira, Stihl gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní Contra, kílò méjìlá, agbára ẹṣin mẹ́fà. Àwọn tí wọ́n tẹ̀lé e nínú ìran kan náà ni 070 àti 090. Bí ẹ bá gbọ́ tí agégi kan ní ilẹ̀ Yorùbá ń fi ìgbéraga sọ pé ẹ̀rọ òun "ti pẹ́", ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ 070 ni ó ń wí. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ̀rọ náà ti kúrò lọ́jà tipẹ́tipẹ́, ó ti di ohun tí àwọn alákòójọ ń wá kiri. Ní ilẹ̀ olóoru, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ayédèrú rẹ̀ láti ilẹ̀ Ṣáínà sì ti gba ọjà kan. Kò ní ìjánu tí ń dá ṣéènì dúró bí ó bá ta padà sí ènìyàn lójú, kò sì ní rọ́bà tí ń gba ìgbọ̀nrìrì kúrò lọ́wọ́. Ní 1918, Alice Hamilton, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí àwọn agbẹ́kùúta ní Indiana tí ẹ̀rọ tí ń gbọ̀n sọ ìka wọn di funfun. Àwọn òyìnbó ń pe àìsàn náà ní ìka funfun. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, funfun náà kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn agégi wa ń wí ni pé ọwọ́ àwọn ń kú. Ẹni tí ó bá sọ pé ọwọ́ òun ń kú, ta ni yóò mọ̀ pé àìsàn tí ó ní orúkọ ni ó ń ròyìn?

Ta wá ni ó jẹ gbogbo pákó tí ayùn wọ̀nyí là? Ní òdodo, àwa ará Èkó ni, pàápàá àwa tí a wà ní orí ilẹ̀. Láti 1955 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn àdúgbò kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn wá sí Surulere. Ilé ń hù bí olú láti Yaba dé Mushin. Ilé kọ̀ọ̀kan fẹ́ igi òrùlé, ó fẹ́ ilẹ̀kùn, ó fẹ́ pákó tí a ó fi de kọnkéré. A kọ́ pápá ìṣeré ńlá sí Surulere ní 1972, a kọ́ gbọ̀ngàn eré ìtàgé sí Iganmu ní 1976. Lẹ́yìn ògiri kọnkéré kọ̀ọ̀kan tí ẹ rí, pákó kan ti dúró níbẹ̀ rí. Orí omi ni ọ̀pọ̀ igi náà gbà wá: wọn a so ìtì igi mọ́ ara wọn láti agbègbè Oǹdó àti Ẹ̀pẹ́, wọn a sì fà wọ́n gba orí ọ̀sà wá sí Oko Baba ní Ebute Metta. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí Afárá Kẹta ní 1990 ni àwọn onímọ́tò ti ń rí èéfín ìyẹ̀fun pákó ibẹ̀ láti òkè, tí wọ́n sì ń yí gíláàsì ọkọ̀ wọn sókè. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti kọ́ ibùdó mìíràn sí Agbowa-Ikosi fún àwọn onípákó náà. Ìtàn Oko Baba fúnra rẹ̀ tó ìwé kan; n kò ní wọ inú rẹ̀ níhìn-ín.

Ohun tí ó sọ àtúnṣe di ọba ni ètò SAP ti ọdún 1986. Nígbà tí náírà já wálẹ̀, ẹ̀rọ tuntun kúrò ní ohun tí agégi lásán lè fi ojú kàn. Ìgbà náà ni "tòkunbọ̀", orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé, di orúkọ mọ́tò, fíríìjì àti ohun gbogbo tí òyìnbó ti lò kù. (Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ó sọ ìtàn àwọn ọdún wọ̀nyẹn tó èyí.) Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin gbilẹ̀, nítorí ẹni tí kò lè ra odindi yóò ra apá, yóò ra ẹsẹ̀. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí ó ti wà nílẹ̀ kò gbọdọ̀ kú mọ́. Bí ó bá kú, a ó jí i.

Báwo ni wọ́n ṣe ń jí i? Mo ti jókòó lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dọ̀ baba oníṣẹ́ kan ní Mushin, tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí kò sì fẹ́ kí n kọ orúkọ òun sínú ìwé. Bí wọ́n bá gbé ayùn tí ó ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́wàá wá, Baba kì í fà á wò rárá. Ó ní ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fa okùn rẹ̀ ni yóò pa á pátápátá. Imú ni ó kọ́kọ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò: ó ń ṣí ìdérí epo, ó ń gbóòórùn rẹ̀, nítorí epo tí ó pẹ́ nínú táńkì a máa di oje, oje náà a sì dí ihò kàbúrétọ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń tú pọ́lọ́ọ̀gì. Bí ẹnu rẹ̀ bá pọ́n bí ọbẹ̀ tí epo pọ̀ sí, ara ẹ̀rọ yá. Bí ó bá dú tí ó sì tutù, epo ti pọ̀ jù fún un. Bí ó bá funfun, ebi epo ni ó ti ń pa á. Ó ń tú sàlẹ́ńsà, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ara písítìn gba ihò rẹ̀. Bí ó bá rí ìlà bí ilà Ọ̀yọ́ lára písítìn, ó mọ̀ pé ẹni tí ó lò ó kẹ́yìn kò po ọ́ìlì mọ́ epo tó. Ẹ̀rọ yìí kò ní ibi tí ọ́ìlì ń jókòó sí bíi ti mọ́tò. Inú epo tí ó ń mu ni ọ́ìlì rẹ̀ wà.

Láti mọ̀ bóyá èémí ṣì wà nínú rẹ̀, Baba ń di okùn ìfàjí mú, ó sì ń jẹ́ kí odindi ẹ̀rọ náà rọ̀ sórí okùn. Bí ó bá já wálẹ̀ wìì, sílíńdà rẹ̀ ti jẹ. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó ń dúró, tí ó tún ń sọ̀, a jẹ́ pé ó ṣì lágbára. Gáásíkẹ́ẹ̀tì, kò ra á: ó ń tẹ́ páálí sórí irin, ó ń fi hámà kékeré lu etí rẹ̀ yí ká títí irin náà yóò fi gé páálí ní ìwọ̀n ara rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tí agbára rẹ̀ kò bá ká, ọ̀dọ̀ tọ́nà ní òdìkejì títì ni ó ń lọ. Ṣéènì, fúnra rẹ̀ ni ó ń pọ́n ọn, eyín kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú fáìlì róbótó, ó sì ń ka iye ìgbà tí fáìlì lọ. Bí eyín ọ̀tún bá fi ìgbà kan mú ju eyín òsì lọ, ayùn náà yóò máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú igi, pákó yóò sì wọ́.

Ibi tí etí mi ti là jù ni ìgbà tí ẹ̀rọ bá jí, tí ó ń tún kàbúrétọ̀ ṣe. Kò sí ohun ìwọ̀n kankan lọ́wọ́ rẹ̀, etí ni. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ ju epo lọ, ó ní ẹ̀rọ "ń ké fíífíí", ó sì ń yára dín in kù, nítorí ẹ̀rọ tí ó bá ń ké bẹ́ẹ̀ yóò gbóná, yóò sì nọ́ọ̀kì. Bí epo bá pọ̀ jù, ó ní ó "ń kùn gbùùrù-gbùùrù". Èyí tí ó ń wá wà láàárín: kí ó máa kùn díẹ̀ bí a bá fa epo rẹ̀ lófìfo, ṣùgbọ́n gẹ́rẹ́ tí eyín bá kan igi, kí ìkùn náà là, kí ohùn rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dáradára. Ohùn òkè ni fíífíí, ìró ẹ̀rọ náà sì ròkè. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó pọ̀ nínú gbùùrù-gbùùrù, ìró náà sì wálẹ̀. Mo ti kọ́ni ní ọ̀rọ̀ aṣàpèjúwe-ìró fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti ń fi òjò, ìlù àti ìrìn ẹranko ṣe àpẹẹrẹ, láìmọ̀ pé ní Mushin, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe ohun ìwọ̀n tí owó kò lè rà. Nígbà tí mo sọ fún Baba pé ohun tí ó ń ṣe jẹ mọ́ ìmọ̀ èdè, ó rẹ́rìn-ín. "Dókítà," ó ní, "ẹ ẹ̀ bá tètè wá kọ́ṣẹ́ nígbà yẹn."

Ògún kò jìnnà sí irú ibi bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí ni Baba, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ níṣẹ́ sì jẹ́ ọmọ ìjọ Àládùúrà, ṣùgbọ́n n kò rí èyí tí yóò da irin kọjá láàárín wọn tàbí tí yóò fi irin búra lórí irọ́. Kò yà mí lẹ́nu pé Sandra Barnes, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ó kọ ìwé lórí ìṣèlú àwọn ará Mushin ní 1986, ni ó tún ṣe olóòtú ìwé pàtàkì kan lórí Ògún ní 1989. Ẹni tí ó bá gbé Mushin pẹ́, dandan ni kí ó bá Ògún pàdé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní: ẹ̀rọ tí ó pa igbó wa run, ẹ̀yin ń kọrin ìyìn rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà wúwo, n kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Igi tí àwọn méjì ń fi ọjọ́ púpọ̀ là, agégi kan lè gé e lulẹ̀ kí ó sì là á sí pákó nínú igbó kí ọjọ́ méjì tó pé, láìsí ètùtù, láìsí ìwé àṣẹ. Ilẹ̀ Gánà tilẹ̀ fi òfin de líla pákó títà pẹ̀lú ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ní 1998, síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò dúró. Igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti 1925, tí erin ṣì ń gbé inú rẹ̀, ń gbọ́ ìró ayùn yìí. Ṣùgbọ́n ìbọn náà pa ènìyàn, a sì ń kó ìbọn àtijọ́ sí mùsíọ́mù. Nínú mùsíọ́mù ní Oníkàn, mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Múrítàlá Mùhámẹ́ẹ̀dì sí nínú ní 1976 wà níbẹ̀, pẹ̀lú ihò ìbọn lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rò pé ìbọn ni a ń yìn. Ayùn tí ó gbé igbó Ìjẹ̀bú àti Oǹdó wá di òrùlé Surulere, ó yẹ kí ọmọ tí ń sùn lábẹ́ òrùlé náà lè rí i.

Ní ọgbà rélùwéè ní Ebute Metta, àwọn ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún ilé àtijọ́ kan tí a kọ́ ní 1898 ṣe, èyí tí à ń pè ní Jaekel House, wọ́n sì kó àwọn ohun ìrántí ọkọ̀ ojú irin sínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó wuyì ni. Láti ibẹ̀ sí etí ọ̀sà ní Oko Baba kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n n kò tí ì rí ẹni tí ó ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ayùn. Àwọn tí ń ra irin kòǹdẹ́mù sì ń kọjá ní ẹnu ọ̀nà Baba lójoojúmọ́. Kílò ni wọ́n fi ń ra nǹkan. Wọn kò bèèrè ọdún tí wọ́n ṣe é, wọn kò bèèrè igi tí ó gé. Ọmọ iṣẹ́ tí Baba gbẹ́kẹ̀ lé jù ti lọ kọ́ iṣẹ́ fóònù ní Ìkejà. N kò bá a wí, nítorí fóònù ni ó ń bàjẹ́ lójoojúmọ́, kì í ṣe ayùn. Èyí tí ó ṣẹ́ kù ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ó sì ń fetí sí ayùn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀.

Mo ti bẹ Baba pé kí ó tọ́jú ọ̀kan sílẹ̀ fún mi, 070 kan tí olówó rẹ̀ kò padà wá gbé, kí a lè gbé e sí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí i. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, kí n sì jẹ́ kí òun máa wá ta á jí lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí rọ́bà inú rẹ̀ má baà gbẹ. Nípa àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ti ń bá mi tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ bí álífábẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà GB ni ó kún jù, nítorí ìró. Abẹ́ A kò ní ju ayùn fúnra rẹ̀ lọ.